Wákàtí mélòó ló yẹ kí típà fi ṣiṣẹ́ kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?

Ọlọ́kọ̀ kan ní Ìkéré-Èkìtì kọ̀wé sí mi pé: "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní típà méjì tó ń kó òkúta gíráńáìtì láti ibi ìfọ́ òkúta lọ sí Adó. Ọ̀kan jẹ́ Howo, èkejì jẹ́ Mack tòkunbọ̀. Mo tún ní tírélà kan tó ń ná Èkó. Mẹkáníìkì wa ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì gbogbo wọn bí aago bá ti ka 5,000, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe. Tírélà kò fún wa ní wàhálà, ṣùgbọ́n Mack náà nọ́ọ̀kì lọ́dún yìí, ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì sọ pé ọ́ìlì ló pa á. Ẹnìkan wá ní wákàtí ló yẹ kí a máa kà. Wákàtí mélòó? Ṣé òótọ́ sì ni pé bí awakọ̀ bá ti ń bu ọ́ìlì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò tún nílò pípààrọ̀ mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn lórí ẹ́ńjìnnì tó lọ yẹn, nítorí mo mọ ohun tó ń náni láti tún ẹ́ńjìnnì ńlá kọ́ lóde òní. Òótọ́ ni ẹni tó ní kí ẹ máa ka wákàtí sọ. Fún típà méjèèjì, ẹ fi 200 wákàtí bẹ̀rẹ̀. Fún tírélà, ẹ fi 250 wákàtí bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ lo ju oṣù mẹ́fà lọ lórí ọ́ìlì kan náà, kódà bí òjò bá lé wọn wálé tí wọ́n kàn jókòó sí àgbàlá, torí pé omi máa ń là wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná dáadáa. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn iye yìí jẹ́. Ọ̀nà wà tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi mọ̀ bóyá kí ẹ dín wọn kù tàbí kí ẹ fi kún wọn, mo sì máa ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mack yín, nítorí ìṣirò náà ló fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Yíyí táyà ni aago kìlómítà ń kà, ọ́ìlì kò sì bá táyà da nǹkan pọ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ló wà, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì bá sì fi wà ní títàn ni ooru, lẹ́búlẹ́bú èéfín àti ásíìdì fi ń bá a jà, yálà ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró. Ẹ wo bí típà ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Awakọ̀ yóò ti tan án ní ìdájí, yóò lọ tò sórí ìlà níbi ìfọ́ òkúta, kò sì ní pa á, pàápàá bí bátìrì kò bá lágbára tó, tí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá pa á, kò ní gbà láti tàn mọ́. Wọn yóò di ẹrù sí i, wọn yóò wọ̀n ọ́n, yóò rọra fi jíà kékeré fa ara rẹ̀ jáde lójú ọ̀nà eléruku. Bí ó bá dé ibi tó ń lọ, yóò tún dúró de ẹni tí yóò júwe ibi tí yóò da òkúta sí, ẹ́ńjìnnì náà ni yóò sì fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, táyà kò yí tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò sinmi.

Ká ní típà yín ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí 40 kìlómítà. Kìlómítà 120 nìyẹn lóòjọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn fún wákàtí mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé kìlómítà 13 ó lé díẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń rìn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó pé 5,000 kìlómítà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́ fún 375 wákàtí. Ẹ wá gbé tírélà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá pa ibi tó ti sáré àti ibi tí kòtò ti dá a dúró pọ̀, tí ó sì ń rin kìlómítà 40 ní wákàtí kan, 125 wákàtí péré ni yóò fi pé 5,000 kìlómítà. Iye kan náà lórí aago, ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ́ńjìnnì típà fi ṣiṣẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti tírélà. Ìlànà tí mẹkáníìkì yín fún yín ń mú kí ẹ da ọ́ìlì tó ṣì lágbára nù lára ọkọ̀ kan, ó sì ń mú kí ọkọ̀ kejì máa fi ọ́ìlì tó ti kú ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí tírélà kò fi yọ yín lẹ́nu.

Ti Mack tún ní ohun kan nínú tó yẹ kí ẹ lọ yẹ̀ wò lónìí. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún ọjà Amẹ́ríkà, máìlì ni aago rẹ̀ sábà máa ń kà. Ẹ nu ojú aago náà, kí ẹ ka lẹ́tà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ máìlì, 5,000 tí awakọ̀ ń rí jẹ́ kìlómítà tó lé díẹ̀ ní 8,000, bí típà náà bá sì ń rìn bí a ṣe ṣírò rẹ̀ lókè yìí, ọ́ìlì náà ti lo ohun tó ju 600 wákàtí lọ kí ẹ tó tú u dànù. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nínú eruku ibi ìfọ́ òkúta, pẹ̀lú irú dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà káàkiri, kò yẹ kó sún mọ́ iye bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi kò fojú rí ẹ́ńjìnnì náà, ṣùgbọ́n bí aago yẹn bá jẹ́ ti máìlì lóòótọ́, mo gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tú u gbọ́.

Ẹ lè fẹ́ mọ ibi tí 250 wákàtí ti wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì katapílà, gíréédà àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ti ń fi wákàtí kọ ìlànà wọn, nítorí iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò ní ìrìn-àjò nínú. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Caterpillar àtijọ́, 250 wákàtí ni ẹ ó bá pàdé. Àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun kan ti dé 500, ṣùgbọ́n epo tó mọ́, ọ́ìlì tó péye àti àyẹ̀wò ọ́ìlì ni 500 yẹn gbé ara lé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ìwé ọkọ̀ akẹ́rù náà sábà máa ń kọ kìlómítà, wákàtí àti oṣù pọ̀, pẹ̀lú àṣẹ pé èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú wọn ni kí a tẹ̀ lé. Kìlómítà nìkan ni àwa mú níbẹ̀. Típà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín Ìkéré àti Adó sún mọ́ katapílà ju tírélà Èkó lọ, ìlànà katapílà ló sì yẹ ẹ́. Mo dín in kù sí 200 fún yín nítorí eruku àti nítorí dísẹ́ẹ̀lì.

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé awakọ̀ yín yóò bi yín: ṣé wákàtí tí ọkọ̀ fi dúró lórí ìlà dọ́gba pẹ̀lú èyí tó fi ru ẹrù gun òkè láti Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni? Bí a bá wo epo tó jó, kò dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó wà lórí ìdúró ń jó nǹkan bí lítà mẹ́ta ní wákàtí kan, bí ó bá sì ń gbé ẹrù gun òkè, ó lè jó ju ìlọ́po mẹ́wàá èyí lọ. Ṣùgbọ́n ìdúró ní ìpalára tirẹ̀ tí òkè kò ní. Inú sìlíńdà kì í gbóná tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ru ẹrù, dísẹ́ẹ̀lì kì í jó tán, èyí tí kò jó á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì ṣàn lọ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ọ́ìlì tí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ̀ yóò ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní lè dúró láàárín kránkì àti bẹ́ríìnì mọ́. Òkè ń fi ooru àti èéfín pa ọ́ìlì, ìdúró ń fi dísẹ́ẹ̀lì àti omi pa á. Nítorí náà, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yọ wákàtí ìdúró kúrò nínú ìṣirò. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá sì lè ra bátìrì tó dára kí awakọ̀ lè máa pa ẹ́ńjìnnì lórí ìlà, owó bátìrì náà yóò padà wọlé láti ara dísẹ́ẹ̀lì nìkan.

Ìwọ̀n kan wà tó tún jinlẹ̀ ju wákàtí lọ, ìyẹn ni dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ jó, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba ọ́ìlì jẹ́, yàtọ̀ sí eruku, láti inú jíjó epo ló ti ń wá. Ẹ ra ìwé kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ iye lítà tí ẹ rà sínú rẹ̀. Bí típà yín bá ń jó lítà 12 ní wákàtí kan, 200 wákàtí jẹ́ 2,400 lítà. Bí ó bá jẹ́ àkókò tí iṣẹ́ le, tí ẹ gba iṣẹ́ lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n dípò Adó, 2,400 lítà lè tán kí wákàtí tó pé. Nígbà náà, ẹ tẹ̀ lé dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má dúró de aago.

Nínú dísẹ́ẹ̀lì yẹn ni ọ̀tá tí ojú kò rí wà, ìyẹn imí-ọjọ́. 2,400 lítà dísẹ́ẹ̀lì wọn tó nǹkan bí 2,000 kìlógíráàmù. Bí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 5,000 nínú mílíọ̀nù kan, kìlógíráàmù mẹ́wàá imí-ọjọ́ ló gba inú ẹ́ńjìnnì yín kọjá láàárín ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì sí ìgbà tí ẹ tún máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan, gíráàmù 100 péré ni. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe pọ̀ tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá ń pàdé omi tí jíjó epo ń mú wá, ó ń di ásíìdì, ásíìdì náà ló sì ń jẹ bẹ́ríìnì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nọ́ọ̀kì. Ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé kí imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì má ju 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà nínú jẹ́ríkáànù lẹ́bàá ọ̀nà kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lára, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ fòfin de ọmọ iṣẹ́ yín láti máa rà á, bó ti wù kó dínwó tó.

Ohun tí ọ́ìlì fi ń bá ásíìdì jà ni èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, iye agbára èròjà náà ni wọ́n ń pè ní TBN. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì tuntun tó dára sábà máa ń ní TBN bí mẹ́wàá tàbí kó fi díẹ̀ dín tàbí kó fi díẹ̀ lé. Bí ó bá ti lọ sí ìdajì, àsìkò pípààrọ̀ ti tó. Èyí ló mú kí lẹ́tà tó wà lára kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ẹ wá àmì API, ìyẹn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele, kí ẹ sì ka ohun tó tẹ̀ lé e. CI-4, tó jáde ní 2002, ni wọ́n ṣe láti lè fara da dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ tó ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún. CK-4, tó jáde ní 2016, jẹ́ tuntun jù ú lọ, ó sì dára gan-an nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí imí-ọjọ́ bá pọ̀, ẹ ní láti tètè máa pààrọ̀ rẹ̀. Fún Mack àtijọ́ àti Howo yín, CI-4 ni èmi yóò rà, bí ìwé ọkọ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò tà á fún yín pé èyí tó jáde kẹ́yìn ló dára jù fún gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Nọ́ńbà tún wà lára kẹ́ẹ̀gì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Mo mọ̀ pé ọ́ìlì 40 lásán ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fẹ́ràn, wọ́n ní 15W-40 ti ṣàn jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ìkínní àti ìkejì wà ní ìpele kan náà ní ti bí wọ́n ṣe ki tó. Ìgbà tí ẹ bá ń tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ni 15W-40 yóò ti tètè dé orí tọ́ọ̀bò àti bẹ́ríìnì òkè. Ohun tó ń dùn mí nípa ọ́ìlì 40 tí wọ́n ń tà lọ́jà ni pé CD ló wà lára púpọ̀ nínú rẹ̀, CD sì jẹ́ ìpele tí wọ́n gbé jáde ní 1955. Ẹ́ńjìnnì oní-tọ́ọ̀bò tí wọ́n kọ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà nílò ohun tó ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá máa lò ó ní dandan, kí ẹ má gbàgbé pé iye wákàtí tí mo dá yìí kò bá a mu, ó gbọdọ̀ kéré sí i.

Ẹ wá béèrè nípa bíbu ọ́ìlì kún un. Kò rọ́pò pípààrọ̀. Lóòótọ́, ọ́ìlì tuntun tí ẹ bù sí i ń mú èròjà tuntun díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú èéfín, eruku àti irin tó ti rún sínú ti àtijọ́ kò jáde, inú ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń pọ̀ sí i. Fílítà ọ́ìlì pẹ̀lú kò jáde. Nígbà tí fílítà bá sì kún, fáàfù kékeré kan wà tí yóò ṣí kí ọ́ìlì má bàa wọ́n ẹ́ńjìnnì, láti ìgbà náà lọ ni ọ́ìlì yóò máa yí ká láìsí ohun tó ń sẹ́ ẹ. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ pààrọ̀ fílítà. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni awakọ̀ ń bu ọ́ìlì sí i, ẹ wá ibi tí ọ́ìlì náà ń gbà lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì tó yè kì í mu ọ́ìlì bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá 200 bá ọkọ̀ yín mu ló kù. Ẹ má fi àwọ̀ dúdú ṣe ìdájọ́. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, bí omi tí a fi fọ aṣọ oko ṣe máa ń dúdú nítorí pé ìdọ̀tí ti kúrò lára aṣọ bọ́ sínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bóyá ọ́ìlì náà ṣì lè gbé ìdọ̀tí tó kó. Ẹ wá ìwé funfun tó nípọn díẹ̀ tí kò dán, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí agolo tó ṣí kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kan nǹkan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ẹ fa géèjì yọ, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sí àárín ìwé náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí àárín bá dúdú, tí dúdú náà sì ń rọra fẹ́lẹ́ títí dé etí, ọ́ìlì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí dúdú bá dì sójú kan, tí etí rẹ̀ gé bí ẹni pé a fi kọ́ńpáàsì yí i, tí ìta rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ kankan, ọ́ìlì náà ti jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí òrùka pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bá tàn kálẹ̀ jìnnà sí dúdú náà, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ inú ọ́ìlì, nọ́sù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú wọn. Ẹ ṣe é ní 100, 150 àti 200 wákàtí. Bí ti 200 bá ṣì dára, ẹ lè sún un sí 225, lẹ́yìn náà 250. Bí ti 150 bá ti gé, 150 ni ìwọ̀n yín títí ẹ ó fi rí ohun tó fà á.

Ìwé tí ẹ kán ọ́ìlì sí yìí kò lè sọ iye TBN tó kù fún yín. Fún ìyẹn, àwọn ilé àyẹ̀wò wà ní Èkó tó ń yẹ ọ́ìlì wò fún àwọn ọkọ̀ ojú omi àti àwọn iléeṣẹ́ oní-jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ẹ lè fi ìgò kékeré kan rán tírélà yín. Kí ẹ bu ọ́ìlì náà nígbà tó gbóná, kó má jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde tàbí èyí tó jáde kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó láti tọ́ yín sọ́nà. Nínú èsì náà, ẹ wo TBN, ẹ wo dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì wo sílíkọ́ọ̀nù, nítorí sílíkọ́ọ̀nù tó ga lára típà ibi ìfọ́ òkúta túmọ̀ sí pé eruku ń gba fílítà afẹ́fẹ́ tàbí ọ̀pá rẹ̀ tó ya wọlé. Kò sí ọ́ìlì tó lè gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ eruku òkúta. Fífi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọn fílítà náà lójoojúmọ́ ń lu bébà rẹ̀ ní ihò tí ojú lásán kò rí, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ gbà pé ìtọ́jú ni.

Géèjì pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Bí ọ́ìlì bá ń ga sí i lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù sí i, dísẹ́ẹ̀lì tàbí omi ló ń wọlé; bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ni. Ẹ pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ka wákàtí kankan mọ́.

Nípa aago wákàtí fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù Howo yín, nítorí àwọn ọkọ̀ kan ti ní i nínú. Fún èyí tí kò ní, aago kékeré oní-wáyà tí wọ́n ń lò lára jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó rà. Kí rewáyà so ó mọ́ súìṣì tí agbára ọ́ìlì ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tàbí mọ́ ibi tí ọtanétọ̀ ti ń fi iná ránṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Bí ó bá so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan, yóò máa ka wákàtí tí awakọ̀ fi ṣí kọ́kọ́rọ́ gbọ́ rédíò. Títí aago náà yóò fi dé, kí awakọ̀ máa kọ ìgbà tó tan ọkọ̀ àti ìgbà tó pa á, kó má sì yọ àkókò orí ìlà kúrò.

Ẹ lè ní owó ọ́ìlì yóò pọ̀ jù. Ní 200 wákàtí, típà tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé, ẹ́ńjìnnì irú wọn sì lè gba ohun tó ju 20 lítà lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tírélà yín, tó ń pààrọ̀ ní 5,000 kìlómítà, yóò máa dé 10,000 kí 250 wákàtí rẹ̀ tó pé, nítorí náà ìdajì owó ọ́ìlì tirẹ̀ yóò ṣẹ́ kù láti fi gbọ́ ti típà. Ẹ má sì mú iye tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ń lò. Mercedes 911 tó ń kó gẹdú ní ìhà Ọ̀mùò àti Howo yín kò gba iye ọ́ìlì kan náà, àwo ọ́ìlì tó kéré sì máa ń tètè kún fún ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n Mack tí wọ́n ń tún kọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ ní 200 lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti to ẹ́ńjìnnì náà tán, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà àkọ́kọ́ ní 50 wákàtí, nítorí ríìngì àti bẹ́ríìnì tuntun máa ń rún irin díẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn mu. Ẹ má da fílítà yẹn nù. Kí mẹkáníìkì gé e ní ojú yín, kó fún ọ́ìlì inú bébà rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ́ bébà náà sínú oòrùn. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán díẹ̀díẹ̀ kò léwu ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ègé tí ọwọ́ lè mú, tàbí èyí tó ní àwọ̀ bàbà, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ náà ru òkúta kankan kí wọ́n tó tún ṣí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà wò. Bí ó bá mọ́, ẹ tún pààrọ̀ ní 150 wákàtí lórí aago, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbà á sínú 200 pẹ̀lú Howo.